Àwọn Tó Ń Ṣíwájú Ayẹyẹ Dé Ìjẹ̀bú-Òde

Àgbàlá kan wà ní Ọ̀rẹ̀gún, l'Ékòó, tí iná rẹ̀ kì í kú lóru ọ̀sẹ̀ Iléyá. Aago méjì òru ti kọjá; Iléyá ku ọ̀la. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ti fi ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà stóò, àwọn géńdé tó ti bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ sì ń to àga sínú wọn ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Obìnrin kan jókòó lórí kúlà ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó di bírò mú, ó gbé ìwé wébìlì lé itan, gbogbo ohun tó bá sì gba iwájú rẹ̀ kọjá ló ń kà. Ìyá Stóò ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè é, àti ọ̀gá àgbà, àti ọmọ tó gbaṣẹ́ lánàá.

"Dúró ńbẹ̀," ó sọ fún ọmọkùnrin kan tó ru àga. "Mẹ́sàn-án nìyẹn. Ìkẹwàá dà?"

Ọmọkùnrin náà sọ ẹrù kalẹ̀, ó kà á, mẹ́sàn-án ni lóòótọ́. "Ẹ má bínú, mà." Ó sáré wọlé lọ mú ìkẹwàá.

Ìjẹ̀bú-Òde ni ẹrù náà ń lọ. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ayẹyẹ tí àwọn Ìjẹ̀bú fi ń lọ kí ọba wọn, ọ̀kan nínú àwọn regbéregbé (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) ìlú náà sì ti gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ yìí pé kí wọ́n bá àwọn gba àlejò 1,200, nígbà tí àwọn bá ti kí ọba tán. Ẹlòmíràn á gbọ́ 1,200, èrò ló máa rí lójú inú. Ohun tí Ìyá Stóò rí ni tábìlì róbótó 120, nítorí èèyàn mẹ́wàá ló ń yí ọ̀kan ká. Ó rí aṣọ tábìlì 120 àti díẹ̀ lé, nítorí ọbẹ̀ á dà sórí òmíràn kí ayẹyẹ tó gbóná. Ó rí náfúkìn 1,200, àti abọ́ tó ju iye àlejò lọ dáadáa, torí pé ẹni tó bá jẹ ìrẹsì tán á tún ní kí wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ wá, abọ́ kan náà kò sì ṣeé lò fún méjèèjì. Ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ló fìyà jẹ ẹ́ jù. Wọ́n kéré, wọ́n ń dún, wọ́n sì ń sọnù. Ogún-ogún ló ń dì wọ́n, á fi rọ́bà so wọ́n, á wá kó wọn sínú báàgì tí a ń pè ní Ghana-must-go, á sì fi bírò pupa kọ iye tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sára teepu tó lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ńlá bí èyí ní ọ́fíìsì, ó sì ní àgbàlá. Ọ́fíìsì ni oníbàárà mọ̀, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́, tí wọ́n ti ń fi àwòrán gbọ̀ngàn àti òdòdó hàn án lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń gba owó oṣù. Nínú àgbàlá, ìwọ̀nba ló ń gba owó oṣù: Ìyá Stóò, àwọn awakọ̀, oníná. Àwọn yòókù, orí fóònù ni wọ́n ti ń pè wọ́n bí iṣẹ́ bá yọ: lébìrà, agbóúnjẹ, ọ́sà, bọ́ńsà, àwọn tó ń fọ abọ́. Ní July 2024 ni ìjọba àpapọ̀ gbé owó oṣù tó kéré jù lọ sí ₦70,000, àmọ́ òfin tó dá owó náà sílẹ̀ kò de ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25, kò sì kan ẹni tó ń gba owó lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé òwàm̀bẹ̀ Èkó ró ló bọ́ sínú àlàfo yìí.

Iṣẹ́ yìí kò tíì pẹ́ tó bí ayẹyẹ fúnra rẹ̀. Kò ì tíì ju ìran kan lọ tí ẹbí àti ará àdúgbò fi ń ṣe é fúnra wọn. Àwọn ìyàwó ilé á dáná, àwọn ọ̀dọ́ á lọ yá bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ilé-ìwé, wọn á na tapólì sójú pópó, wọn á sì dí ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà tí ọdún 2000 kọjá ni àwọn tó sọ ìṣètò ayẹyẹ di iṣẹ́ ọ́fíìsì wá pọ̀ sí i. Funke Bucknor-Obruthe dá Zapphaire Events sílẹ̀ ní 2003. Ibidunni Ighodalo náà dá Elizabeth R sílẹ̀. Port Harcourt ni ó kú sí ní June 14, 2020, níbi tí iṣẹ́ gbé e lọ. Ẹni tó bá ń wo irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, aṣọ dáadáa àti ẹ̀rín ló ń rí. Ìrìnàjò ibẹ̀ kì í hàn nínú fọ́tò.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbéra. Wọ́n gba Ọjọ́ta, wọ́n bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978, tí àwọn ẹ̀rọ katakata sì tún fi ọ̀pọ̀ ọdún hú, tí wọ́n tún ọ̀dà rẹ̀ dà. Bí kì í bá ṣe ọ̀sẹ̀ ọdún, ọkọ̀ tó bá kúrò l'Ékòó lásìkò bẹ́ẹ̀ á ti máa jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ ní Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n Kára wà lọ́nà. Ọjà màlúù àti àgbò ni Kára, lẹ́bàá Odò Ògùn, lẹ́yìn Berger, gbogbo ẹni tí owó àgbò kò tètè jọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì já lu ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àgbò wà nínú búùtù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Àgbò wà láàárín ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀, ó na ọrùn bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Àwọn kan so tiwọn mọ́ orí dáńfó, okùn mẹ́rin lẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sójú kan títí oòrùn fi yọ.

Ibẹ̀ ni ẹni tó bá wò dáadáa á ti rí i pé lébìrà mẹ́jọ wà lókè ẹrù inú ọkọ̀ kejì. Orí àga ni wọ́n sùn sí, abẹ́ tapólì, láàárín báàgì aṣọ tábìlì. Bọ́ọ̀sì wà fún àwọn ará ọ́fíìsì àti àwọn tó ń ṣètò òdòdó. Ọjọ́ Iléyá ni tiwọn máa gbéra. Àwọn lébìrà gbọ́dọ̀ bá ẹrù dé, kò sì sí ààyè fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kò gbà kí èèyàn máa gun orí ẹrù, awakọ̀ náà mọ̀, ìdí tó fi fẹ́ràn òru nìyẹn.

Wébìlì Ìyá Stóò ní ojú ewé méje. Àga wà níbẹ̀, tábìlì wà níbẹ̀, fáànù, jẹnẹrétọ̀, okùn, àti èèkàn irin kọ̀ọ̀kan tó máa di tẹ́ǹtì mú. Orúkọ àwọn ọmọ mẹ́jọ tó wà lókè kò sí níbì kankan. Bí ọkọ̀ náà bá ṣubú ní afárá Kára, ilé-iṣẹ́ á mọ iye fọ́ọ̀kì tó dànù kí alẹ́ tó lẹ́, ṣùgbọ́n yóò di kí ẹbí wá béèrè kí wọ́n tó mọ ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Òfin wà fún ọ̀rọ̀ yìí. Láti 2010 ni òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sápò NSITF, kí àpò náà lè tọ́jú ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, kó sì ran ẹbí ẹni tó bá kú lọ́wọ́. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kò pọ̀. Ẹni tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni wọn kò lè san tirẹ̀.

Lẹ́yìn Kára, ọ̀nà já. Ìbàfò kọjá, Mówè kọjá, wọ́n wá ń gba iwájú Redemption City, ibi tí Ìjọ Ìràpadà ti ń pe èrò tí gbọ̀ngàn Èkó kankan kò lè gbà. Níbẹ̀, ìgbàgbọ́ ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ọ́sà àti agbálẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá Awakọ̀, tó ti ń wakọ̀ ayẹyẹ láti ìgbà tí kánópì aláwọ̀ búlúù àti funfun ṣì jẹ́ àrà, nawọ́ sí géètì náà. "Ibí yìí, àga wọn kì í padà sílé," ó wí. "Ojú kan ló ń gbé. Ìsinmi ni fún awakọ̀."

Ní Shágámù, wọ́n yà síbi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà. Oníná, tí àwọn ọmọ ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Wáyà, kò jẹun. Ó ń gba ààwẹ̀ Àráfà. Lórí ìjókòó, ó ń ṣírò epo. Jẹnẹrétọ̀ ńlá méjì ni wọ́n gbé, ọ̀kan á máa ṣiṣẹ́, èkejì á máa sinmi, nítorí pé bí iná bá kú nígbà tí oníjùjú wà lórí ìtàgé, oníṣẹ́ iná lójú gbogbo èèyàn máa yí sí. Ó rántí May 29, 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù ti lọ. Ní Èkó, láàárín ọjọ́ díẹ̀, jálá kan kúrò ní ìsàlẹ̀ ₦200 bọ́ sí òkè ₦480. Àwọn oníbàárà tó ti san owó tán kò gbà kí ilé-iṣẹ́ fi nǹkan kan lé e. Owó ọkọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ̀ délé lóru kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Oṣù yẹn, ó ní, àwọn kan ń sùn sí àgbàlá láàárín iṣẹ́ méjì kí wọ́n má baà fi owó iṣẹ́ wọkọ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ 2020 tún burú ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn tí COVID-19 dé, ní March ọdún náà, ìjọba Èkó kọ́kọ́ ní kí èèyàn má ju 50 lọ níbi àpèjọ, wọ́n sì tún dín in kù. Wọn kò ṣe Ojúde Ọba lọ́dún yẹn. Ẹni tó ń gba owó oṣù rí ìdajì gbà fún ìgbà díẹ̀. Lébìrà àti agbóúnjẹ kò rí ìpè kankan. Ìyá Stóò lọ ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn padà, eku ti jẹ aṣọ tábìlì, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó mọ bí a ṣe ń na tẹ́ǹtì sì ti di ọlọ́kadà.

Kí wọ́n tó kúrò ní Shágámù, Ìyá Stóò pe àwọn mẹ́jọ náà sílẹ̀ láti orí ẹrù. Ó yí ojú ewé ìkẹyìn wébìlì padà, ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan pe orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹni tó yẹ ká pè nílé. Ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́ náà. "Mo ní ọmọ tó tó yín," ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ.

Láti Shágámù, ọ̀nà Benin ni wọ́n gbà dé Ìjẹ̀bú-Òde. Pápá ilé-ìwé kan ni ayẹyẹ náà máa wà, iṣẹ́ gidi sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó rò pé agbára nìkan ni lébìrà fi ń na tẹ́ǹtì ńlá kò tíì dúró wò wọ́n. Olórí wọn, ọkùnrin tínínrín kan tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn yí pápá náà ká. Ó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ó gbójú sókè wo igi tó wà lẹ́yìn kíláàsì láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ìdajì pápá jẹ́ koríko, ìdajì jẹ́ kọnkéré. Ní orí koríko, èèkàn irin ni wọ́n máa gbá wọlẹ̀, wọn á dà á díẹ̀, kí orí rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí tẹ́ǹtì. Bí wọ́n bá gbá a lóròó, òjò kan ṣoṣo á sọ ilẹ̀ di ẹrọ̀fọ̀, á sì fà á tu. Lórí kọnkéré, èèkàn kò wọlé, nítorí náà dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n rọ omi kún ni wọ́n máa so okùn mọ́. June ni, oṣù òjò. Omi tó bá kó jọ sórí òrùlé tẹ́ǹtì lè ya á, ó sì lè wó òpó rẹ̀ lu àlejò. Ìdí nìyẹn tí okùn fi gbọ́dọ̀ le koko, tí ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà lójúfò pẹ̀lú ọ̀pá gígùn láti máa ti omi náà kúrò lórí rẹ̀ bí òjò bá dé.

Wọ́n gbé òpó àkọ́kọ́ dìde ní ọ̀sán. Èèyàn méjìlá ló di okùn mú, olórí wọn kàn gbé ọwọ́ sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀, gbogbo wọn fà lẹ́ẹ̀kan náà láìsí pé ẹnikẹ́ni pariwo. Ọmọ tuntun kan fẹ́ tètè tú ọwọ́ sílẹ̀. Olórí wọn wò ó lẹ́ẹ̀kan, ọmọ náà sì tún okùn dì mú. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fúnni níwèé ẹ̀rí fún iṣẹ́ yìí. Ojú ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ó yẹ kí ìwé ẹ̀rí wà fún un, bí ó ti wà fún káfíńtà àti wẹ́dà, nítorí ẹ̀mí ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà lábẹ́ aṣọ náà.

Àárọ̀ Iléyá, àwọn Mùsùlùmí inú wọn fọ ojú nídìí tánkì omi ilé-ìwé, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n ká sínú báàgì, wọ́n sì bá àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí yídì. Ìlọrin ni ilé Ẹ̀gbọ́n Wáyà. Àbúrò rẹ̀ ló bá a dúńbú àgbò níbẹ̀. Ó wò ó lórí fóònù, ó bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n fi itan kan ránṣẹ́ sí ìyá òun. Lọ́sàn-án, àwọn ará àdúgbò tí wọn kò mọ̀ rí gbé àwo ẹran yíyan àti gàrí wá sí pápá. "Ẹ̀yin alákánópì, ẹ kú ọdún o." Wọ́n fi gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa jẹ ẹran náà, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí àwọn òdòdó ti dé láti Èkó.

Àǹtí Mánéjà, ẹni tí ọ́fíìsì fi ṣe olórí iṣẹ́ náà, bá òdòdó dé, òun ni ìjà àkọ́kọ́ sì dé bá. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ wá wo ibẹ̀. Aṣọ tí regbéregbé náà yàn jẹ́ àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀. Náfúkìn tí wọ́n gbé wá jẹ́ àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀. Fún ẹni tí kì í ṣe Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Kì í ṣe kékeré rárá. Àwọn regbéregbé, tí wọ́n ń kó àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu jọ, ń fi oṣù púpọ̀ ronú lórí aṣọ, fìlà, gèlè, bàtà àti agbòòrùn tí wọ́n máa fi kí ọba, ẹgbẹ́ kan kì í sì í fẹ́ kí ẹgbẹ́ mìíràn ta á yọ. Àǹtí Mánéjà kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá náà, kò jiyàn. Ó pe Èkó. Náfúkìn mìíràn wọ ọkọ̀ ní Balógun nírọ̀lẹ́, ó dé ní aago mẹ́ta òru, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin sì ká gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Owó ọkọ̀ náà kò sí nínú ìṣirò tí oníbàárà fọwọ́ sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìlérí nínú ọ́fíìsì, tí àgbàlá ń fi oorun san án, nìyẹn.

Òru ọjọ́ kejì, èéfín gba gbogbo ẹ̀yìn kíláàsì. Ìyá alásè àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti to igi sábẹ́ ìkòkò ńlá mọ́kànlá. Gáàsì wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìrẹsì tí kò gbóòórùn èéfín, àlejò á ní ìrẹsì ilé ni. Ó ń fi ọ̀pá igi tó gùn ju èèyàn lọ yí ata, ó ń tọ́ ọ wò lẹ́yìn ọwọ́, ó ń ní kí wọ́n fa igi kan jáde níbí, kí wọ́n ti òmíràn wọ ibẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ni kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun fọwọ́ kàn. Ìṣu ewùrà tí wọ́n rin ni, wọn á ju ú sínú ọbẹ̀ ẹja ní kéékèèké, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí iná, kò sì gbọ́dọ̀ tutù kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa jẹ ẹ́. Ìjẹ̀bú lè gbàgbé orin tí wọ́n kọ níbi ayẹyẹ rẹ; wọn kò ní í gbàgbé ìkọ́kọrẹ́ tó di.

Ìtàn so ìbẹ̀rẹ̀ Ojúde Ọba mọ́ Balógun Kúkù, ẹni tó gba ẹ̀sìn Islam, tó sì jẹ́ kí àwọn Mùsùlùmí máa wá sí ojúde Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, láti dúpẹ́ pé wọ́n rí ààyè ṣe ẹ̀sìn wọn. Lábẹ́ Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960, tó sì wàjà ní July 13, 2025, ayẹyẹ náà di ti gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú, Mùsùlùmí àti Kristẹni. Ní 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbi ayẹyẹ náà, pẹ̀lú awò dúdú àti sìgá lọ́wọ́, yí ayé ká lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà ni àlejò ti ń wá láti ibi tí wọn kò ti ń wá rí.

Nínú gbogbo ẹwà yẹn, ohun tó kan àwọn òṣìṣẹ́ ni ìró. Láti pápá, wọ́n ń gbọ́ ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ìdílé Balógun ń yìn, wọ́n ń gbọ́ gángan, wọ́n ń gbọ́ pátákò ẹṣin lórí ọ̀dà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ́sà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń fi iṣẹ́ yìí san owó ilé-ìwé, ní òun ti wá sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún tó kọjá náà, òun kò sì tíì fojú rí ẹṣin kan. Nígbà tí àwọn àlejò rọ́ dé, aago méjì ọ̀sán, kò sí ẹni tó tún ráyè gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀gá àwọn agbóúnjẹ dúró sójú kan tí ó ti lè rí tábìlì gbogbo. Káàdì ìpè 1,200 ló jáde. Àwọn mo-gbọ́-mo-yà kò gba káàdì. Bọ́ńsà kò lè lé ìyá àgbà tó ní ìbátan òun ni ìyàwó olórí ẹgbẹ́. Ẹ̀tọ́ kọ́, ọgbọ́n ni wọ́n fi ń ṣe é. Tábìlì tí kò tíì rí oúnjẹ ni ọ̀gá náà ń wò. Ní tábìlì kẹrìnlá, bàbá kan ti gbé fìlà kalẹ̀, àmì ìbínú nìyẹn. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu bàbá náà, ọ̀gá ti fúnra rẹ̀ gbé àwo ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná lọ, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tiyín ni mo ń dúró kó gbóná." Bàbá dé fìlà padà. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí olórin gorí ìtàgé, owó bẹ̀rẹ̀ sí fò. Òfin báǹkì àpapọ̀ ti 2007 sọ pé ẹni tó bá ná owó náírà mọ́ni lórí ijó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kó san ₦50,000 ó kéré tán, tàbí kó jẹ méjèèjì. Ní April 2024, ilé-ẹjọ́ l'Ékòó fi Bobrisky, gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ẹ̀sùn yìí. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń béèrè àpótí tí wọ́n máa fi gba owó, àmọ́ ọwọ́ kan kì í gbọ́. Ẹni tó wà nínú ewu jù lójú Àǹtí Mánéjà ni ọmọ tó ń ṣa owó nílẹ̀ fún olórin, ẹni tí kò ní lọ́yà, tí kò sì mọ ẹni tó fi owó náà síta.

Àwọn àlejò ìkẹyìn kúrò lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́. Kíkà tún bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ gílóòbù méjì. Àga pé. Tábìlì pé. Ṣíbí dín ní mọ́kàndínlógójì, fọ́ọ̀kì dín ní ogún, gíláàsì mẹ́fà fọ́. Àlejò ló gbé púpọ̀ nínú wọn lọ nínú náílọ́nù, pẹ̀lú ẹran àti ìrẹsì tí wọ́n dì lọ fún ọmọ. Lọ́pọ̀ ilé-iṣẹ́ irú èyí, owó agbóúnjẹ ni wọ́n máa yọ ọ́ nínú rẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an, láìbéèrè ẹni tó jẹ̀bi. Labour Act kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní agbanisíṣẹ́ kò lè yọ owó ohun tó sọnù nínú owó òṣìṣẹ́ àfi bí òṣìṣẹ́ náà bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí ṣàìnáání, àti pé ọ̀gá láti ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Agbóúnjẹ mélòó ló gbọ́ òfin yìí rí? Ọ̀nà tó tọ́ kò ṣòro: kí wọ́n ka ẹrù níwájú oníbàárà nígbà tí wọ́n bá gbé e dé, kí wọ́n sì tún kà á níwájú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbé e lọ, kí owó ìdúró sì wà nílẹ̀ fún ohun tó bá dín.

Àǹtí Mánéjà ní kí Ìyá Stóò fún òun ní wébìlì kí òun fọwọ́ sí i. Ó ṣí i, ó dé ojú ewé ìkẹyìn, ó rí orúkọ mẹ́jọ àti nọ́ńbà mẹ́jọ.

"Kí lèyí, Ìyá Stóò?"

"Àwọn tó gun orí ẹrù ni, mà. Mo kọ wọ́n kí ẹrù lè pé."

Obìnrin náà kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó wá béèrè iye ààyè tó ṣẹ́ kù nínú bọ́ọ̀sì. Ààyè márùn-ún ni. Ó ní kí márùn-ún nínú wọn bọ́ síbẹ̀, kí àwọn mẹ́ta yòókù jókòó sí iwájú ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀kan nínú ọkọ̀ kan, kí àpótí òdòdó sì lọ sókè ẹrù dípò wọn. Ó ní òun á gbé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì kejì síwájú ọ̀gá àgbà lọ́jọ́ Ajé, ó sì ní kí Ìyá Stóò bá òun dé ibẹ̀. Olórí àwọn lébìrà ní òun náà á bá wọn lọ, nítorí ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú ọmọ tí òpó fọ́ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ tó kọjá ṣì wà nílẹ̀.

Kò tíì sí ẹni tó sùn. Ìsìnkú wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn tí wọ́n gbà fún un kò sì ní àga tirẹ̀. Ní Shágámù, bọ́ọ̀sì kọrí sí Èkó, ọkọ̀ akẹ́rù méjì sì kọrí sí Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n Wáyà sọ̀ kalẹ̀ ní oríta, ó gba ìsinmi ọjọ́ kan, ó sì wá ọkọ̀ Ìlọrin lọ.